Ọ̀dà pupa tó di funfun mọ́jú

Ìbéèrè náà rèé bí ó ṣe dé ọwọ́ mi: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Báyékù ni mò ń gbé, létí ọ̀sà gan-an. Àbúrò ìyá mi tó wà ní Jámánì ló fi Porsche 911 Turbo alátòpọ̀ ránṣẹ́ sí mi, ọkọ̀ kékeré oníke tí ènìyàn máa ń tò fúnra rẹ̀, ìwọ̀n 1/24. Mo fín ara rẹ̀ ní ọ̀dà pupa, mo sì fín kílíà, ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń dán, lé e nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Nígbà tí mo fẹ́ lọ sùn, ó ń dán bíi dígí. Ilẹ̀ mọ́, ó ti funfun bí ẹni pé wọ́n da omi ògì sí i. Ṣé ayédèrú ọ̀dà ni wọ́n tà fún mi ni? Ṣé ó ṣì ṣeé tún ṣe? Mo fẹ́ kó jọ ọkọ̀ gidi, kó má jọ ohun ìṣeré ọmọdé.”

Àbúrò mi, má tíì lọ bá ẹni tó ta ọ̀dà fún ọ jà. Ọ̀dà rẹ kò ṣe nǹkan kan. Omi lo rí yẹn.

Iṣẹ́ ọ̀dà ọkọ̀ ni mo fi ń jẹun, lójú ọ̀nà Ṣágámù níbí ní Ìkòròdú. Kò sí àsìkò òjò kan tí mi ò ní gbọ́ ẹjọ́ funfun yìí lẹ́nu àwọn ọmọ iṣẹ́. Tínà tó wà nínú ọ̀dà inú agolo máa ń yára fẹ́ lọ, bó sì ṣe ń fẹ́ lọ ló ń kó ooru ara ohun tí o fín in sí lọ. Bí o bá da sípíríìtì sí àtẹ́lẹwọ́, ṣé o rí bó ṣe máa ń tutù? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ara ọkọ̀ yẹn á wá tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ, tí afẹ́fẹ́ bá sì kún fún ọ̀rinrin, ohun tó ń ṣe ìgò mínírà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú fíríìjì náà ló máa ṣe é: á làágùn. Tìgò, wàá fi aṣọ nù ún, ó parí. Ti kílíà tí kò tíì gbẹ, òógùn náà á wọnú rẹ̀ lọ, kílíà á sì pa ẹnu dé mọ́ ọn. Nígbà tí omi bá ti gbẹ tán, ihò wínníwínní tó fi sílẹ̀ ló ń tú ìmọ́lẹ̀ ká, òun lojú rẹ ń rí bíi funfun.

Ìwọ náà wá mú àsìkò tó burú jù: Báyékù, ẹ̀yìn òjò, ìrọ̀lẹ́. Tí oòrùn bá ti ń wọ̀, ọ̀rinrin á máa pọ̀ sí i títí di ìdájí. Láàárín agogo méjìlá sí agogo mẹ́rin ọ̀sán ni afẹ́fẹ́ máa ń gbẹ jù lójúmọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù tiwa, tó bá ti di àsìkò òjò, a kì í fín kílíà kọjá agogo mẹ́rin, kódà bí ọlọ́kọ̀ dúró lórí wa tó ń búra pé òde ìgbéyàwó wà lọ́la.

Ó ṣeé tún ṣe. Dojú ọkọ̀ náà dé, kí o wá ibi tí ojú kò ní tó, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn bí àpẹẹrẹ. Fi aṣọ rírọ̀ tọ́ kọ̀ǹpáùn díẹ̀, irú èyí tí a fi ń dán ọkọ̀, kí o máa fi ra ibẹ̀ yípo yípo. Tí pupa bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, a jẹ́ pé òkè eèpo ni omi náà dúró sí. Dúró kó pé ọ̀sẹ̀ kan, mú sáńpépà 2000, rì í sómi tí o fi ọṣẹ díẹ̀ sí, kí o rọra fi pa gbogbo ara rẹ̀ láì tẹ ọwọ́ mọ́ ọn, lẹ́yìn náà kí o fi kọ̀ǹpáùn dán an. Ṣọ́ra ní gbogbo orígun àti etí. Ibẹ̀ ni ọ̀dà ti máa ń fẹ́lẹ́ jù, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni wàá fi ọwọ́ kọjá níbẹ̀ tí ike á fi jáde.

Tó bá jẹ́ pé o ra á títí, tí funfun ṣì ń bá ọ wí, ó ti wọlé jìn nìyẹn. Lára ọkọ̀ onírin, rítádà, tínà tó ń pẹ́ kó tó gbẹ, ni mo máa fín fẹ́ẹ́rẹ́ lé e, kílíà á là lẹ́ẹ̀kan sí i, omi á ríbi jáde. Lára ike, mi ò ní ní kí o dán an wò, torí ojú mi ti rí màbo. Ìjàpá ni ọkọ̀ àtòpọ̀ tí mo kọ́kọ́ ní láyé mi, Volkswagen yẹn. Èmi ọ̀gá ọlọ́dà, mo po ọ̀dà gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń pò ó fún ọkọ̀ oníbàárà, mo fi gọ́ọ̀nù ńlá fín in sórí ike lásán láìsí púráímà, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń ṣáájú. Kí n tó yíjú padà, òrùlé rẹ̀ ti hun jọ bí awọ wàrà gbígbóná. Irin kì í ka tínà sí, ṣùgbọ́n tínà tó le á yọ́ ike bí iná ṣe ń yọ́ àbẹ́là.

Bíbó ló kù. Lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta pátì ọkọ̀, ra ọ́ìlì bíréèkì, DOT 3 tàbí DOT 4. Wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ri ara ọkọ̀ náà sínú rẹ̀ nínú abọ́ tó ní ìdérí, kí o gbé e síbi tí ọmọdé kò lè dé. Tó bá di ọjọ́ kejì, fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ̀ ọ́, ọ̀dà á máa já bọ́ bí eèpo ẹ̀wà. Àwọn gíláàsì àti ohun tí wọ́n kùn ní fàdákà dídán kò gbọdọ̀ bá a wọlé. Kò sí ọlọ́dà tí kò mọ agbára ọ́ìlì yìí: mẹkáníìkì kan á kán an sórí fẹ́ńdà lánàá, lónìí ọlọ́kọ̀ á wá máa bi àwa léèrè ìdí tí ọ̀dà fi ń wú.

Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ èsì gígùn yìí wà nínú gbólóhùn rẹ tó kẹ́yìn, pé o kò fẹ́ kó jọ ohun ìṣeré. Mú téèpù télọ̀. Nínú ìwọ̀n 1/24, ínṣì kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà méjì. 911 Turbo gidi ti ìgbà àkọ́kọ́ gùn tó nǹkan bíi mítà 4.29, tìrẹ kò sì tó sẹ̀ǹtímítà 18. Gbogbo nǹkan tó wà nínú páálí yẹn ni àwọn tó ṣe é ti dín kù lọ́nà 24. Ọ̀dà nìkan ni wọn kò lè bá ọ dín kù, ọwọ́ rẹ nìyẹn wà. Ọ̀dà tí ilé iṣẹ́ fi ń kun ọkọ̀ gidi, láti púráímà dé kílíà, sábà máa ń nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà 0.1. Tí tìrẹ náà bá nípọn tó mìlímítà 0.1, fi 24 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 2.4. Ọ̀dà ara ọkọ̀ yẹn ti wá nípọn ju ìlọ́po méjì páànù tí wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ! Ẹni tó wò ó lè má mọ ohun tó ń ṣe òun, ó kàn máa sọ pé “ọkọ̀ ọmọdé” ni. Ẹnu ilẹ̀kùn ti dí, etí fèrèsé ti rọ bí ọṣẹ tí wọ́n ti lò kù.

Nítorí náà, nígbà tí o bá máa tún un kùn, kí ọ̀dà rẹ tín-ínrín ni kí o máa lépa. Dídán máa wá fúnra rẹ̀. Kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ara rẹ̀, torí ọ̀rá inú mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi rọ ọ́ ṣì máa ń wà lára rẹ̀. Gbé e sábẹ́ iná, kí o wá ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnu mọ́ọ̀dù fi sílẹ̀ lókè fẹ́ńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ kò sí lára ọkọ̀ gidi. Fi ẹ̀yìn abẹ fá a, kí o fi sáńpépà pa á. Ṣáájú púráímà náà ni kí o fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ tó le tọ ẹnu ilẹ̀kùn, ti ìdérí iwájú àti ti ẹ̀yìn, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ìgbà mẹ́ta sí mẹ́rin, kó lè jìn díẹ̀, nítorí bó o ti wù kí ọwọ́ rẹ fúyẹ́ tó, ọ̀dà ṣì máa wọ̀ ọ́.

Púráímà funfun ni kí o lò. Pupa kì í fi bẹ́ẹ̀ bo nǹkan mọ́lẹ̀, àwa tó ń kun ọkọ̀ ńlá náà mọ ìyà rẹ̀. Lórí eérú, á ṣókùnkùn bí ẹ̀jẹ̀ tó ti pẹ́. Lórí funfun, á tàn. Fín ìkíní bí ìrì, kí funfun ṣì máa hàn lábẹ́ rẹ̀, kí o gbé e kalẹ̀. Ìgbà yìí ni ọwọ́ máa ń yún ènìyàn láti fín in bò lẹ́ẹ̀kan náà. Kó ọwọ́ rẹ pọ̀. Ìkejì àti ìkẹta ni wọ́n máa bò ó, kílíà méjì tín-ínrín á sì tẹ̀ lé e ní ọ̀sán ọjọ́ tó gbẹ. Ọyẹ́ dára fún iṣẹ́ yìí ju gbogbo ìgbà lọ, ọ̀tá tirẹ̀ ni eruku. O kò gbọdọ̀ fi ọkọ̀ tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ sílẹ̀ láìbò fún ìṣẹ́jú kan.

Ibi tí o máa tọ́jú rẹ̀ sí kó lè gbẹ ńkọ́? Ṣé o mọ àpótí tí àwọn olósìn adìẹ fi ń mú òròmọdìẹ móoru? Ṣe irú rẹ̀ kékeré. Lu ihò díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kúlà àtijọ́ kan, ta gílóòbù pupa oníwáàtì 40 sí igun kan níbi tí nǹkan kan kò ti ní kàn án, kí o gbé ọkọ̀ sí igun kejì. Ki ọwọ́ bọ̀ ọ́: ó yẹ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò gbọdọ̀ gbóná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ike á tẹ̀. Kó àwọn àpò kéékèèké afà-ọ̀rinrin tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà sí i. Ó yẹ kí n sọ pé kí o tan gílóòbù náà mọ́jú, ṣùgbọ́n Ìkòròdú la wà. Ibùdó iná mànàmáná Ẹ̀gbìn tó wà níbi tí a lè pè é kó jẹ́ yìí tó mẹ́gáwáàtì 1,320 lórí ìwé, bẹ́ẹ̀ náà sì la máa ń jókòó nínú òkùnkùn. Tí iná bá lọ, pa ìdérí kúlà dé, kó máa gba ooru tó kù níbẹ̀.

Imú ni wàá fi mọ̀ bóyá ó ti gbẹ. Gbé e sún mọ́ imú kí o gbọ́ ọ. Tó bá ṣì ń rùn tínà, kò tíì gbẹ, má fi sáńpépà kàn án, má lẹ téèpù mọ́ ọn. Ọjọ́ tí o bá gbọ́ ọ tí kò rùn mọ́ ni iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹnu ilẹ̀kùn ló kàn. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń to ọkọ̀ máa ń da dúdú sí i, ọkọ̀ pupa á wá dà bí àwòrán tí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi fi báírò yà. Òjìji lo ń kùn níbẹ̀ yẹn, òjìji tó wà lára pupa kì í sì í dúdú. Po ọ̀dà olóròóró aláwọ̀ ilẹ̀ mọ́ pupa díẹ̀, fi tọ́pẹ́ńtáìnì là á kó ṣàn bí omi tíì, kí o fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan ìlà náà ní ojú kan ṣoṣo. Òun fúnra rẹ̀ á sáré tọ ìlà náà lọ. Ìgbádùn ojú ni! Fi aṣọ nu èyí tó dà síta.

Kí o tó dé ìdí ẹ́ńjìnì, jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Ìjàpá àti 911, ẹbí ni wọ́n. Ferdinand Porsche ló ṣètò ìjàpá, ọmọ rẹ̀ Ferry lo ẹ̀yà ara ìjàpá láti fi ṣe 356 ní 1948, 911 sì jáde ní 1963. 901 ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, kí Peugeot tó yarí pé nọ́ńbà mẹ́ta tí òdo wà láàárín, tàwọn ni. Ní 1975, tí Turbo tìrẹ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọjà ní òkè òkun, ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ìjàpá lójú ọ̀nà Badagry níbí. Mo sọ èyí nítorí ohun tí mo rí lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan lọ́jọ́ kan: ó ti fi wáyà rọ́bà ṣe páìpù omi sí iwájú 911, ó tún ge rèdíétọ̀ kékeré kan síbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ tó mọ́ gan-an ni. 911 ìgbà náà dà bí ìjàpá: ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú. Kò ní omi kankan nínú. Búùtù ló wà níwájú, àti táńkì epo.

Wò ó bóyá tìrẹ jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ́ńjìnì lítà 3.0, àbí ti 1978 sókè tó jẹ́ 3.3. Ti 3.3 ní íńtákúlà lórí ẹ́ńjìnì, ohun pẹrẹsẹ ńlá tó ń tu afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnì, ó sì bo ohun púpọ̀, má wulẹ̀ fi ojú rẹ ṣòfò lórí wáyà tí ẹnikẹ́ni kò ní rí. Tó bá jẹ́ 3.0, ṣí ìdérí ẹ̀yìn sílẹ̀, kí o ta wáyà púlọ́ọ̀gì sí i. Wáyà náà nípọn tó bíi mìlímítà 7 lára ọkọ̀ gidi, ìyẹn 0.3 lára tìrẹ. Wá okùn ìgbọ́hùn fóònù tó ti bàjẹ́, bó o, wàá rí irun kọ́pà inú rẹ̀, èyí tó ní àwọ̀ lára. Yan èyí tó nípọn díẹ̀. Fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ihò mẹ́fà yí orí ike kékeré tó dúró fún dìsìtíríbútọ̀, ohun tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì, ká, ìkeje láàárín. Ki irun kọ̀ọ̀kan bọ ihò kí o tó gé e. Bí o bá kọ́kọ́ gé e, á kúrú, mo ti gé ọ̀pọ̀lọpọ̀ dànù kí n tó gbọ́n. Fi ẹnu abẹ́rẹ́ tọ́ súpà gúlù bíi orí èèrà sí ìdí rẹ̀. Mẹ́ta á lọ sí apá ọ̀tún, mẹ́ta sí apá òsì. Bí iná ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wọn nìyí: 1, 6, 2, 4, 3, 5. Mo máa ń tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó máa tẹ orí ba wo inú ẹ́ńjìnì tí kò tó àpótí ìṣáná láti kà á, ṣùgbọ́n bí mo bá tò ó gba ibòmíràn, mi ò ní lè sùn.

Súpà gúlù kò gbọdọ̀ dé ibi gíláàsì. Èéfín rẹ̀ máa ń bà lé ike tó mọ́ gaara, pàápàá níbi tí ọ̀rinrin bá pọ̀ bíi tiwa, á sì di funfun. Ìjàpá mi àkọ́kọ́ yẹn, lẹ́yìn tí mo ti tún òrùlé rẹ̀ ṣe tán, mo fi súpà gúlù lẹ iná iwájú rẹ̀ méjèèjì. Ní ọjọ́ kejì, ó ń wò mí bí arúgbó tí awọ ti bo ẹyinjú rẹ̀. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ni kí o fi lẹ̀ ẹ́, tó bá gbẹ, á mọ́ gaara. Èyí tó bá dà síta, fi aṣọ tútù nù ún.

Táyà: wọ́n máa ń dán jù, ìlà mọ́ọ̀dù sì máa ń wà láàárín wọn. Gbé wọn sórí bébà sáńpépà kí o yí wọn lọ yí wọn bọ̀ bí ẹni tó ti rin ọ̀nà Ìtámágà wá. Ti ẹ̀yìn fẹ̀ ju ti iwájú lọ, má ṣe pààrọ̀ wọn. Rímù Fuchs tó ní ewé márùn-ún ni ó yẹ kó wà lára rẹ̀, àárín ewé dúdú, etí rẹ̀ fàdákà. Tó bá jẹ́ pé fàdákà dídán bíi ṣíbí ni wọ́n fi bò ó láti ilé iṣẹ́, ri í sínú Háípò fún wákàtí díẹ̀, á bó, kí o wá fi ọ̀dà fàdákà tó ṣú díẹ̀ kùn ún. Má jẹ́ kí Háípò àti ọ́ìlì bíréèkì àná pàdé nínú abọ́ kan o, wọ́n lè gbiná. Inú ọkọ̀, fi téèpù bébà tí o gé tín-ínrín ṣe bẹ́líìtì ìjókòó, ó tó bẹ́ẹ̀. Ojú gíláàsì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa gbà wò ó, wọn kò ní rí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí o bá bó o tán tí ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n láti tún un fín, gbé e wá bá mi ní ọjọ́ Sátidé, ní nǹkan bí agogo méjìlá ọ̀sán. Mo ní gọ́ọ̀nù kékeré kan, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ mi sì ní ìgò tó ń gba omi sílẹ̀, a ó jọ fín in. Bí o bá jí tí o rí i pé òjò ti ṣú sórí ọ̀sà, má jáde. Jókòó sílé kí o máa ta wáyà ẹ́ńjìnì.